Ooru ló ń mú ọmọ yín, òtútù kọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí aṣọ ọmọ ìkókó

Láti ìgbà tí ooru ti bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè kan náà ni mò ń dáhùn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ó ti sú mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá tún bi mí, ibí ni màá ní kó wá kà.

Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ mi tutù. Ṣé kí n wọ súwẹ́tà fún un?

Rárá. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ tuntun sábà máa ń tutù, torí ẹ̀jẹ̀ ò tíì máa ṣàn débẹ̀ bó ṣe ń ṣàn lára àgbà. Ẹ̀yìn ọrùn tàbí àyà rẹ̀ ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Bí ibẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó sì gbẹ, aṣọ ti tó. Bó bá ń làágùn, ẹ bọ́ ọ̀kan.

Aṣọ mélòó ló yẹ kó wọ̀?

Ìlédìí àti ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Bí ooru bá le débi pé ẹ̀yin fúnra yín ń wá ibi tí ẹ máa bọ́ ẹ̀wù sí, ìlédìí nìkan tó. Kò sẹ́ni tó máa pè yín lẹ́jọ́.

Ẹ̀wù tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ rẹwà, ó ń dán, ṣùgbọ́n ó ń sunkún nínú rẹ̀.

Pọliẹ́sítà nìyẹn. Ẹ ya fọ́tò, kí ẹ bọ́ ọ. Aṣọ òwú ni kí ẹ wọ̀ fún un.

Ìyá ọkọ mi ní fìlà ò gbọ́dọ̀ kúrò lórí ọmọ.

Bí ẹ bá ń jáde sínú oòrùn, òótọ́ ni màmá sọ. Fìlà tó ní etí fífẹ̀ ló dáa. Nínú ilé, pàápàá tí ọmọ bá ń sùn, ẹ ṣí i. Orí ọmọ tóbi tí a bá fi wé ara rẹ̀ yòókù, ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde. Ooru àpọ̀jù sì wà lára ohun tó ń dá kún ewu ikú òjijì lójú oorun fún ọmọ ọwọ́. Ẹ má bá màmá jiyàn. Ẹ sọ fún wọn pé dókítà ló wí bẹ́ẹ̀. (Irọ́ kọ́, ẹ bi èyí tó bá wù yín nínú wọn.)

Ṣé kí n fi aṣọ bo kẹ̀kẹ́ ọmọ kí oòrùn má pa á?

Ẹ má dán an wò. Atẹ́gùn ò ní rọ́nà wọlé, inú kẹ̀kẹ́ á sì gbóná ju ìta lọ. Abẹ́ òjìji ni kí ẹ wà.

Mo ti bọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ẹ̀yìn ọmọ ṣì ń tutù rinrin fún òógùn lóru.

Ẹ jẹ́ kí n jókòó sórí èyí, torí ojú mi rí màbo.

Ọmọ mi kejì ni, ó tó bí oṣù 4 nígbà yẹn. Tó bá ti di aago 2 òru, igbe ta. Tí mo bá gbé e, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti rin, àyà rẹ̀ á sì gbẹ. Mo pààrọ̀ ẹ̀wù rẹ̀ sí èyí tí kò lápá, ó rin. Mo fi ìlédìí nìkan sílẹ̀. Ó tún rin. Mo ṣí fèrèsé, mo tan fáànù, mo kọ ojú rẹ̀ sí ògiri kó má baà fẹ́ sí ọmọ tààrà. Bàbá rẹ̀ ní bóyá eyín ló ń hù. Mi ò dá a lóhùn. Ọ̀sẹ̀ 2 gbáko ni mo fi ṣọ́ òru bí ọlọ́dẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo tẹ́ ẹní sílẹ̀, mo tẹ́ aṣọ lé e, ọmọ sùn fọnfọn. Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀: ó gbẹ! Yàrá kan náà, ooru kan náà. Ìgbà yẹn ni mo tó ronú láti ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sókè. Rọ́bà tí mo tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí ìtọ̀ má baà wọnú fóòmù ló tutù nini fún òógùn. Èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ mi tẹ́ ẹ! Rọ́bà kì í fa omi, kì í jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá. Ooru tó ń jáde lẹ́yìn ọmọ ò ríbi gbà. Mo yọ ọ́ sọnù, mo fi aṣọ òwú tó nípọn rọ́pò rẹ̀, mo ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ fóòmù kó má baà tú bo ọmọ lójú. Ìtọ̀ kan fóòmù lẹ́ẹ̀mejì, mo sá a. Ṣùgbọ́n a sùn.

Torí náà, bí àyà bá gbẹ tí ẹ̀yìn rin, ẹ fi aṣọ sílẹ̀, ẹ wo ohun tí ọmọ sùn lé. Ti ìjókòó ọmọ inú ọkọ̀ náà ò yàtọ̀. Bí ẹ bá sì pọ̀n ọ́n, ara yín pẹ̀lú ọ̀já ti di aṣọ kan sí i lára rẹ̀.

Ọrùn àti abíyá rẹ̀ ti sú.

Ibi tí òógùn ń gbà jáde ló dí. Ẹ fi omi tí kò gbóná wẹ̀ ẹ́, ẹ nu àwọn ìṣẹ́po ara rẹ̀ gbẹ, ẹ fi í sílẹ̀ láìwọṣọ díẹ̀. Ìpara olóròóró á tún dí i pa ni. Páúdà, ọmọ á fà á símú. Bó bá ṣọyún, ó di ọwọ́ dókítà.

Ara rẹ̀ gbóná janjan. Ṣé aṣọ ni, àbí ibà?

Ẹ bọ́ aṣọ, kí ẹ fi tẹmómítà wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ ò mọ ìyàtọ̀. Bí ọmọ ò bá tíì pé oṣù 3, tí ó sì fi 38°C hàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bó bá rọ jọ̀wọ̀lọ̀, tàbí tí kò mu ọmú, tàbí tí ìlédìí rẹ̀ gbẹ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ má wo ọjọ́ orí, ẹ má wo tẹmómítà, ẹ máa lọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ sí mi, ẹ fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi dé ọ̀hún.