Bí a ṣe ń tọ́jú ìtọ̀ fún wíwọn microRNA jẹjẹrẹ àpòòtọ̀

MicroRNA jẹ́ okùn RNA kúkúrú, nǹkan bí nucleotide 22. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa RNA tó ń gbé ìlànà purotéènì lẹ́nu mọ́. Nínú jẹjẹrẹ àpòòtọ̀, miR-145 sábà máa ń dínkù, miR-21 a sì máa pọ̀ sí i. Bí ìdílé miR-200 bá lọ sílẹ̀, ZEB1 àti ZEB2 (purotéènì tó ń tú ìsopọ̀ sẹ́ẹ̀lì) á gbérí, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ á já kúrò lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á sì ráyè wọ inú iṣan àpòòtọ̀.

Ẹ má gba ìtọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú rẹ̀ mọ́jú ti ń bàjẹ́. Ìtọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì ni kí ẹ gbà, nǹkan bí 50 mL, kí ẹ gbé e sórí yìnyín lójú ẹsẹ̀. Láàárín wákàtí 2, ẹ yí i nínú centrifuge ní 2,000 × g fún ìṣẹ́jú 10, ní 4 °C. Ẹ pín omi tó tòrò lókè sí túùbù 1 mL, kí ẹ fi sí −80 °C. Ẹ po gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ mọ́ TRIzol (omi tó ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì, tó sì ń dáàbò bo RNA), kí ẹ tọ́jú òun náà lọ́tọ̀. Túùbù tó bá ti yọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má tún un gbé padà sí −80 °C.

Lẹ́yìn tí èròjà tó ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì bá ti wọnú ìtọ̀ ni kí ẹ tó kán cel-miR-39 sí i, microRNA tí a fi ń mọ̀ bóyá RNA sọnù lójú ọ̀nà, ìwọ̀n kan náà fún gbogbo túùbù. Ara aràn C. elegans ni ó ti wá; ènìyàn kò ní in. Bí ẹ bá kán an sí ìtọ̀ lásán, RNase, èròjà inú ìtọ̀ tó ń jẹ RNA, á ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ yan kit tó ń dá RNA kékeré dúró: ọ̀pọ̀ kit ń jẹ́ kí èyí tí kò tó nucleotide 200 ṣàn lọ. Lẹ́yìn náà, primer (okùn DNA kúkúrú tí ẹ̀dà ti ń bẹ̀rẹ̀) onílọ́ọ̀pù (stem-loop) ni kí ẹ lò láti sọ RNA di cDNA, ẹ̀dà DNA rẹ̀, torí okùn náà kúrú jù fún primer lásán.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń tanni jẹ jù lọ níbí, bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ gan-an ló ń gbé ọ̀pọ̀ aláìsàn wá. miR-451a àti miR-16 kún inú sẹ́ẹ̀lì pupa. Nítorí náà, ẹ má fi miR-16 ṣe òṣùwọ̀n, kí ẹ sì wọn miR-451a nínú gbogbo ìtọ̀. Èyí tí tirẹ̀ bá ga ju ti àwọn yòókù lọ, ẹ yà á sọ́tọ̀. Èsì yòówù tó bá jáde, kò lè rọ́pò kámẹ́rà tí dókítà ń tì bọ inú àpòòtọ̀.

PCR, ìlànà tó ń sọ cDNA di púpọ̀, ni a fi ń wọn ọ́n; Cq ni iye ìyípo tó gbà kí àmì tó hàn, bí RNA bá kéré, á ga. Bí Cq cel-miR-39 bá ga nínú túùbù kan ṣoṣo, ẹ fi omi la cDNA rẹ̀ sí ìlọ́po 5, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí Cq bá fi nǹkan bí 2.3 gòkè, RNA ló sọnù. Bí kò bá gòkè tó bẹ́ẹ̀, nǹkan inú ìtọ̀ ló ń dí PCR lọ́wọ́: ẹ tún RNA náà fọ̀.