Ẹsẹ̀ tó ń wọ yàrá ìyá àgbà: bí a ṣe ń dáàbò bo arúgbó nínú agboolé nígbà àjàkálẹ̀ àrùn

Ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, agboolé ni ilé ìtọ́jú arúgbó wa. Ọmọ ń wọlé, ọmọ-ọmọ ń jáde, aládùúgbò ń yà kí wọn láàárọ̀. Ọ̀nà yìí gan-an ni àrùn kòrónà ń gbà wọlé. Ní ọdún 2020, ní ilé arúgbó kan ní ìpínlẹ̀ Washington, ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ imú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ wò. Nínú àwọn tí wọ́n bá àrùn náà lára wọn, ó ju ìdajì lọ tí kò ní àmì kankan lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, "ara mi le" kò tó láti fi wọ yàrá arúgbó. Ẹsẹ̀ tó ń wọlé ni ká dín kù.

Ẹni kan, àti igbákejì rẹ̀

Ẹ yan ẹni kan ṣoṣo tí yóò máa wẹ arúgbó náà, tí yóò máa bọ́ ọ, tí yóò máa fún un lóògùn. Ẹ yan igbákejì, ẹni tí yóò dúró lọ́ọ̀ọ́kán títí a ó fi nílò rẹ̀. Kí ọ̀kankan nínú wọn má ṣe jẹ́ ẹni tó ń tajà ní ọjà Wàńdó, tàbí ẹni tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò, tàbí ẹni tó ń gba Ìlárá kọjá ẹnubodè lójoojúmọ́.

Ibi tó máa ń bàjẹ́ sí ni owó. Ẹni tó pa ọjà rẹ̀ tì láti tọ́jú ìyá gbogbo ilé kò lè jẹ afẹ́fẹ́. Bí àwọn ọmọ yòókù kò bá dá owó oúnjẹ jọ fún un lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi padà sí ìsọ̀ rẹ̀, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ dá owó náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ orúkọ oògùn àti wákàtí tí wọ́n ń lò ó sínú ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tí olùtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, igbákejì yóò wọlé láìbéèrè ohunkóhun. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ tó oṣù kan nínú ilé.

Yàrá

Fèrèsé tó dojú kọ ilẹ̀kùn ni kí ẹ ṣí, kí atẹ́gùn lè gba inú yàrá kọjá. Nígbà ọyẹ́, àwọn arúgbó máa ń ní kí a tì í. Ẹ fi aṣọ kún aṣọ, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ fún wọn, kí ẹ sún bẹ́ẹ̀dì kúrò lójú atẹ́gùn, ṣùgbọ́n ẹ má ti fèrèsé.

Ife, àwo àti ṣíbí tiwọn gbọ́dọ̀ dá wà. Búútà náà ńkọ́? Bí gbogbo ilé bá ń fi búútà kan ṣe àlùwàlá, ọwọ́ gbogbo ilé ló wà lára rẹ̀. Ẹ ra ti bàbá lọ́tọ̀. Bákan náà ni àpótí áṣáà: kí ẹnikẹ́ni má ti ọwọ́ bọ tiwọn.

Omi àti ọṣẹ

Ẹ gbé omi ìfọwọ́ sí ẹnu yàrá gan-an. Ti ẹnu ọ̀nà àgbàlá nìkan kò tó. Bídọ́ọ̀nù lítà 5 dára. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò kékeré sí apá òkè rẹ̀, ní òdìkejì ibi tí a ti ń dì í mú. Ẹ bu omi sí i kó kù díẹ̀ kó dé ihò, ẹ fi igi gba inú ọwọ́ rẹ̀ kọjá kó lè fì, kí ẹ so okùn láti ọrùn rẹ̀ mọ́ igi tí a ó máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nílẹ̀. Bí ihò bá tóbi jù, omi á tán kí ẹni kẹta tó fọwọ́. Ọṣẹ yóò wà lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 40 sí 60, títí dé àtàǹpàkò àti àárín ìka.

Sódàbì, ìyẹn ògógóró, kì í ṣe oògùn ìfọwọ́. Ohun tí a bá fi rọ́pò ọṣẹ gbọ́dọ̀ ní ọtí tó tó 60% ó kéré tán, kò sì sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n èyí tí wọ́n pọn lóko.

Javel

Javel ni omi tí a fi ń pa kòkòrò àrùn. Ẹ wo ìwọ̀n kiloríìnì tí wọ́n kọ sára ìgò. Bó bá jẹ́ 2.6%, ife Javel 1 sí ife omi 25 ni fún ilẹ̀, ọwọ́ ilẹ̀kùn àti tábìlì. Bó bá jẹ́ 5%, ife 1 sí ife omi 49. Fún èébì, ẹ̀jẹ̀ tàbí ìgbẹ́, ife 1 sí 4 fún ti 2.6%, ife 1 sí 9 fún ti 5%. Ọṣẹ ló ń ṣíwájú, nítorí ìdọ̀tí máa ń pa agbára Javel. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó nù ún. Láràárọ̀ ni kí ẹ po tuntun, torí oòrùn máa ń sọ ọ́ di omi lásán.

Ẹ má dà á sínú póò tí ìtọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ má sì pò ó mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà. Èéfín tí yóò jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Èyí tí wọ́n ń rọ sínú ìgò omi tí kò ní àkọlé, ẹ jẹ́ kó wà lọ́jà níbẹ̀.

Àlejò

Ẹ̀yìn òde ni kí wọ́n ti kí ara wọn, lábẹ́ igi tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mítà 2 láàárín wọn, ìbòmú lẹ́nu tọ̀tún-tòsì, kí ó má ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ wa kò béèrè ìbọwọ́. Ẹ kí wọn láti ọ̀ọ́kán, ó pé. Ẹni tó ti Kútọnu tàbí Èkó dé yóò sùn ní yàrá mìíràn fún ọjọ́ 14. Ìsìnkú ló le jù. Ẹ fi owó ránṣẹ́, kí ẹ pe àwọn ará ibẹ̀ lórí fóònù.

Ẹ má sé ìyá mọ́lé pátápátá o. Arúgbó tó ń gbọ́ ariwo ilé, tí ẹnikẹ́ni kò bá a sọ̀rọ̀, lè kọ oúnjẹ sílẹ̀. Kí olùtọ́jú jókòó tì í, kí ó pe àwọn ọmọ lórí fóònù fún un lálẹ́.

Àmì

Ara gbígbóná lè má sí rárá. Ọ̀rọ̀ tó ṣàdéédé dàrú, oorun ọ̀sán tí kò dáwọ́ dúró, oúnjẹ kíkọ̀, ìṣubú lójijì: àwọn nìyẹn. Ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ẹ máa wo bí aṣọ ìbora ṣe ń gbéra. Bó bá ju 30 lọ, ilé ìwòsàn yá. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí a ń fi sí ìka láti wo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ pe dókítà bó bá wá sí ìsàlẹ̀ 94. Bó bá wá sí ìsàlẹ̀ 90, ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀. Làálì dúdú àti ìka tútù máa ń mú ẹ̀rọ náà purọ́. Ẹ kọ́kọ́ ra ọwọ́ náà kó gbóná, kí ẹ lo ìka tí kò ní làálì. Bí ara bá gbóná, kí wọ́n yẹ ibà wò pẹ̀lú kòrónà. Méjèèjì lè pàdé lára ẹnì kan.

Ẹ ti di àpò kan sílẹ̀: ìwé oògùn, oògùn fúnra rẹ̀, gíláàsì ojú, eyín àtọwọ́dá bí wọ́n bá ń lò ó, ìbora kan, àti nọ́ńbà olùtọ́jú tí a kọ gàdàgbà sára àpò náà.