Ẹ má tíì fọwọ́ sí i: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí ogún epo rọ̀bì ní Texas

Ní Nàìjíríà, bí wọ́n bá rí epo rọ̀bì lábẹ́ ilẹ̀ bàbá yín, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Abala 44 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ló sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ará Ìlàjẹ sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Níbẹ̀, aládàáni lè ni epo abẹ́ ilẹ̀. Ó lè ta ojú ilẹ̀ fún ẹlòmíì, kó sì di epo abẹ́ rẹ̀ mú fún àwọn ọmọ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Yorùbá tó fẹ́ ará Texas, tàbí ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, fi lè gbọ́ lọ́jọ́ kan pé òun ti jogún epo ní káúńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) tí ẹsẹ̀ òun ò tẹ̀ rí. Ohun méjì ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa: "Ẹ jẹ́ ká tètè tà á," tàbí "A kì í ta ogún bàbá ẹni." Mo ti rí i tí méjèèjì pa èèyàn lówó, torí pé wọ́n pinnu kí wọ́n tó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti lẹ́tà tó bá "owó" wọlé. Kò sẹ́ni tí kò lè yẹ ìwé ilẹ̀ káúńtì wò ní Texas. Bí orúkọ ajogún bá ti wọ inú rẹ̀, àwọn tó ń ra epo abẹ́ ilẹ̀ á rí i, lẹ́tà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Opó kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Houston gbé tirẹ̀ wá bá mi. Lẹ́tà ìbánikẹ́dùn wà nínú àpòòwé náà, deed, ìyẹn ìwé tí a fi ń ta ohun ìní pátápátá, tí wọ́n ti tẹ orúkọ rẹ̀ sí wà níbẹ̀, àti bébà aláwọ̀ ewé kan tó ní iye owó àti orúkọ báǹkì lára, tí ẹnikẹ́ni á pè ní sọwédowó. Àmọ́ nísàlẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní, wọ́n kọ ọ́ pé ó di lẹ́yìn 30 ọjọ́ tí báǹkì fi ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó san owó náà, bí ìwé ohun ìní bá tẹ́ olùrà lọ́rùn. Draft ni wọ́n ń pe irú bébà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin á ti buwọ́ lu deed níwájú notary, ẹni tó ń jẹ́rìí sí ìfọwọ́sí, ẹ á ti fi ránṣẹ́. Olùrà á ṣì máa yẹ ìwé wò, ó tiẹ̀ lè máa wá ẹni tó máa tún un tà fún lówó gọbọi. Bí kò bá rí, ó lè ní òun ò rà mọ́, tàbí kó ní kí ẹ gba díẹ̀.

"Ṣebí owó ló wà níbí yìí?" Ó ti mú bírò jáde.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kò tíì sí owó kankan níbẹ̀."

Òfin Texas mọ̀ pé èyí ń ṣẹlẹ̀. Ó kàn án nípá fún ẹni tó bá fi deed àti draft ránṣẹ́ pa pọ̀ pé kó kọ ọ́ gàdàgbà, ní lẹ́tà tó tó ìwọ̀n 14, pé bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ẹ ń ta ẹ̀tọ́ yín nìyẹn. Ẹ wá gbólóhùn yẹn kí ẹ tó ka ohunkóhun mìíràn. Ọ̀pọ̀ ló rò pé líìsì làwọn ń tọwọ́ bọ̀. Líìsì máa ń fún iléeṣẹ́ láàyè láti gbẹ́ kànga fún àkókò kan, ọdún 3 ló wọ́pọ̀. Wọ́n á san bónọ́ọ̀sì, wọ́n á máa san róyáltì, ìyẹn ìpín yín nínú owó epo, bí epo bá ń jáde, ẹ̀yin lẹ ṣì ni nǹkan yín. Deed ní tirẹ̀, ó tán nìyẹn, fún ẹ̀yin àti àtọmọdọ́mọ yín. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ti ṣàpèjúwe ohun tí ẹ ń tà. Àwọn kan máa ń fi gbólóhùn kékeré kan sí i pé "àti gbogbo ohun yòówù tí olùtà ní ní káúńtì yìí". Ẹni tó rò pé kànga kan lòun tà á wá rí i pé òun ti ta mẹ́rin. Bí ẹ bá máa tà, kí deed wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò yín tàbí iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìwé ilẹ̀ títí owó á fi wọ báǹkì yín.

Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e ni kí èèyàn máa dúnàá dúrà lórí ohun tí kò tíì wọ̀n. Wọ́n á sọ fún yín pé éékà 160 ni bàbá àgbà ní. Ó lè jẹ́ pé ìdajì epo abẹ́ rẹ̀ péré ló ni, ìyẹn 80. Ọmọ mẹ́rin sì pín in, ó ku 20 fún yín. Bí wọ́n bá da 20 yẹn pọ̀ mọ́ ti àwọn aládùúgbò nínú agbègbè ìgbẹ́kànga tó jẹ́ éékà 1,280, tí róyáltì inú líìsì yín sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, ìpín yín jẹ́ 0.00390625. Nọ́ńbà yìí ló máa wà lórí ìwé tí iléeṣẹ́ fi ń sọ ìpín yín, tí wọ́n ń pè ní division order. Bí epo mílíọ̀nù kan dọ́là bá jáde lóṣù kan, tiyín tó nǹkan bíi $3,900 kí wọ́n tó yọ owó orí àti ìnáwó. Bó bá jẹ́ líìsì àtijọ́ ni, tó ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, ìdajì iye yẹn ni. Ẹni tó mọ nọ́ńbà yìí ò ní gba iye tí ẹni kan ṣáà dá lábàá.

Ẹ lọ sórí máàpù Railroad Commission of Texas, àwọn ló ń bójú tó epo ní ìpínlẹ̀ náà láìka orúkọ wọn, tó túmọ̀ sí Àjọ Ojú Irin, sí. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wo kànga tó yí ilẹ̀ yín ká àti ìwé àṣẹ ìgbẹ́kànga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Bí àṣẹ tuntun bá wà níbẹ̀, tí lẹ́tà sì ń rọ́ dé, ẹ ti mọ ohun tí àwọn olùrà rí.

Àwọn tó pinnu pé àwọn ò ní tà náà ní àṣìṣe tiwọn. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n fi sọwédowó àkọ́kọ́ díwọ̀n ọjọ́ iwájú. Owó oṣù mélòó kan ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, torí òfin fún iléeṣẹ́ láyè tó 120 ọjọ́ lẹ́yìn oṣù tí wọ́n kọ́kọ́ ta epo. Kànga inú òkúta shale, irú èyí tó wà ní Permian ní ìwọ̀ oòrùn Texas, máa ń dà bí ìgò mínírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí: á hó yẹ̀ẹ̀, á sì rọlẹ̀. Ó wọ́pọ̀ kí ohun tó ń jáde dín ju ìdajì lọ kí ọdún àkọ́kọ́ tó parí. Ẹ wá fi ti owó ọjà kún un. Ní July 2008, àgbá epo kan ju $140 lọ. Ní April 20, 2020, iye rẹ̀ lọ́jà ọjọ́ iwájú (níbi tí wọ́n ti ń dá owó lé epo tí wọn ò tíì gbé) ní Amẹ́ríkà já wálẹ̀ kọjá òdo. Ẹ má fi owó oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yá owó ilé.

Èkejì ni kí wọ́n fi ohun ìní sílẹ̀ lórúkọ òkú. Iléeṣẹ́ ò ní sanwó fún òkú. Wọ́n á dá a dúró, lẹ́yìn ọdún 3 á sì di ti ọ́fíìsì Comptroller, tó ń bójú tó owó ìpínlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí owó tí kò lólúwa. Ẹ lè gbà á padà níbẹ̀, àmọ́ ẹ ní láti mọ̀ pé ó wà. Bí òkú kò bá fi ìwé ìhágún sílẹ̀, agbẹjọ́rò á sọ bóyá ìwé ẹ̀rí ajogún tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé káúńtì tó. Bí kànga bá sì ń mú epo jáde, káúńtì á béèrè owó orí ohun ìní lórí rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìpínlẹ̀ mìíràn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní Ohio àti North Dakota, ẹ̀tọ́ tí wọn ò lò fún 20 ọdún lè padà sọ́wọ́ onílẹ̀, ní Louisiana, ọdún 10 ni.

Èrò tèmi rèé. Bí kànga tuntun bá ṣì ń bọ̀, tí ebi owó ò sì pa yín, ẹ dì í mú. Bó bá jẹ́ éékà méjì péré níbi tí kò ti sí kànga, tí àwọn ajogún sì ti tó ogún, títà ò burú rárá. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ lè ta ìdajì kí ẹ fi ìdajì sílẹ̀, ohun tí olùrà kì í kọ sínú lẹ́tà.

Lórí owó orí, ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà epo díwọ̀n iye tí ohun ìní náà jẹ́ lọ́jọ́ tí olóògbé kú, kí ẹ sì tọ́jú ìwé rẹ̀. Bí ẹ bá tà á lẹ́yìn náà, èrè tó kọjá iye yẹn nìkan ni IRS, àjọ owó orí Amẹ́ríkà, á wò, ní 0, 15 tàbí 20%. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó wà n'Íbàdàn ní tiwọn á rí i pé wọ́n ń yọ 30% nínú róyáltì, torí Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà ò ní àdéhùn owó orí. Bí wọ́n bá tà, olùrà á sábà mú 15% gbogbo owó náà pa mọ́ fún IRS, àyàfi bí wọ́n bá kọ̀wé béèrè fún un ni wọ́n máa tó rí èyí tó pọ̀ jù gbà padà. Nọ́ńbà ITIN, nọ́ńbà owó orí fún ẹni tí kò ní nọ́ńbà Social Security, ni wọ́n máa fi béèrè, kì í sì í yá. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó wá olùrà.