Mọ́mì ti lọ UK, ọmọ wà lọ́wọ́ ìyá àgbà: bí ẹ ṣe lè ṣe é

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá fún ọmọ lọ sí airport o. Òun ni wọ́n máa ń ṣe jù, wọ́n á ní kó lọ ra bisikíìtì ní ṣọ́ọ̀bù, kó tó dé mọ́mì ti wọ mọ́tò, ọmọ ọdún márùn-ún á wá jókòó ti géètì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ sọ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kó bá wọn di báàgì, kó sunkún ẹ̀ lójú mọ́mì ẹ̀.

Láti 2024 lọ̀rọ̀ yìí ti wá pọ̀ sí i. January ọdún yẹn ni UK ní ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ ka master's ò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́, nígbà tó di March 11, ó kan àwọn tó ń lọ ṣe care work, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó àti aláìlera, náà. Bí ilé ṣe pín sí méjì nìyẹn.

Tí èèyàn bá kú, a mọ̀ ọ́n kí, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Tí ọjà bá jóná, ẹ kú àdánù. Àmọ́ tí ọmọ ẹni bá lọ òkè òkun, ẹ kú oríire nìkan ṣáá ni, ìyá àgbà á sì ní àmín, ká tó yíjú padà omi ti lé ròrò sójú ẹ̀. Ẹ kí wọn kú oríire lóòótọ́, kẹ́ ẹ wá bi wọ́n pé, "Mà, àárò wọn ò máa sọ yín?" Kẹ́ ẹ dákẹ́. Màmá kan ládùúgbò wa ṣì ń wọn ife ìrẹsì mẹ́rin, èèyàn méjì ló kù nílé.

Ìró tí mọ́mì fi ń pọn ọmọ, ẹ má tíì fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó máa fi bora sùn.

Ẹ mú aago kan fún fídíò kọ́ọ̀lù. Ìgbà ooru, aago wa àti tiwọn bára mu, ìgbà òtútù a fi wákàtí kan ṣáájú wọn, ọmọ lè ti sùn kí mọ́mì tó kúrò níbi iṣẹ́. Tó bá ní òun ò sọ̀rọ̀, ẹ má fi owó tí mọ́mì ń fi ránṣẹ́ bú u, ẹ kàn kọjú fóònù síbi tó ti ń ṣeré.

Tí mọ́mì bá wá dé, ẹ má ti ọmọ mọ́ wọn lára. Àbúrò mi dé ní December, "àǹtí" lọmọ ẹ̀ ń pè é. Ọjọ́ kẹta ló tó gbé kóòmù wá bá a.