Bẹ́ ẹ ṣe máa wa mọ́tò láti Èkó lọ pàgọ́ sórí òkè Obudu

Tẹ́ ẹ bá sọ fún ará Èkó pé ẹ fẹ́ wa mọ́tò ọjọ́ méjì lọ sùn sínú tẹ́ǹtì lórí òkè, ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé ṣé owó hòtẹ́ẹ̀lì ni ò sí ni. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Obudu wà ní ìpínlẹ̀ Cross River, lẹ́bàá ààlà Cameroon, òkè yẹn ga tó nǹkan bíi mítà 1,600, ọgbà màlúù ni wọ́n sì kọ́kọ́ dá síbẹ̀ ní 1951. Ibi ìgbafẹ́ ńlá ti wà níbẹ̀ báyìí o, àmọ́ àwọn orí òkè tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni mò ń sọ, níbi tí ò sí ṣọ́ọ̀bù, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wá tó tún ń lọ. Ohun tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé wàhálà tó máa bá yín lọ́hùn-ún, ẹ yanjú ẹ̀ l'Ékòó níbí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa gbé e dání lọ ni.

Ọjọ́ lẹ máa kọ́kọ́ mú. Oṣù kọkànlá ni mo fẹ́ràn jù, torí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, koríko ṣì tutù, ọyẹ́ ò sì tíì da eruku bo ojú ọ̀run. Tó bá fi máa di January, ẹ lè dúró lókè kẹ́ ẹ má rí ìsàlẹ̀ rárá. July sí September ńkọ́? Ẹ má dán an wò, kùrukùru á bo ọ̀nà, ilẹ̀ á tún máa yọ̀.

Tuesday ni kẹ́ ẹ gbéra. Ẹ sùn ní Enugu lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Wednesday ẹ gba Abakaliki àti Ogoja, kẹ́ ẹ ti gun òkè kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ sùn lókè lálẹ́ méjì, Friday ẹ padà sí Enugu, Saturday ẹ ti wà nílé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ to ọjọ́ báyìí ni, torí ọ̀rọ̀ ìjókòó-sílé ọjọ́ Monday tó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Ìgbò ní 2021, mi ò fẹ́ kí Monday bá yín láàárín Onitsha sí Enugu. Ẹ kúrò nílé ní aago márùn-ún ìdájí. Ẹni tó wà ní Surulere tàbí Yábàá á gba Berger lọ sí Ṣàgámù, ẹni tó wà ní Ajah lè gba Ẹ̀pẹ́ já sí Ìjẹ̀bú-Òde, gbogbo yín á pàdé lójú ọ̀nà Ore. Tí aago méje bá lù tẹ́ ẹ ṣì wà ní Berger, ẹ yáa múra láti sùn ní Asaba, ẹ má sọ pé ẹ máa fi òru rìn.

Ó wá ku mọ́tò, ibi tí mo ti máa pẹ́ díẹ̀ nìyí. Ọ̀nà tó gun òkè yẹn tó nǹkan bíi kìlómítà 11, kọ́nà ńláńlá 22 ló sì wà lójú ẹ̀. Mọ́tò tó ń ṣe dáadáa lórí Third Mainland, ibi tó tẹ́jú ló ti ń ṣe é. Táyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tẹ́ ẹ bá dé ọjà Ládìípọ̀, ẹ má wo bó ṣe ń dán torí wọ́n máa ń fi nǹkan dúdú pa á ni, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni ọjọ́ orí ẹ̀: tẹ́ ẹ bá rí 2315, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2015 ni wọ́n ṣe é, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, ì báà jẹ́ tòkunbọ̀, kódà kó dà bíi tuntun lójú. Ẹ yẹ sípíà wò náà, tèmi ti jò tán nígbà kan tí mi ò mọ̀, ìgbà tí mo fẹ́ lò ó ni mo tó mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, búrẹ́ékì páàdì àti òróró búrẹ́ékì. Ẹ sọ fún mẹkáníìkì yín pé kúláǹtì gidi ni kó dà sínú rédíétọ̀, kì í ṣe omi kànga. Ẹ ra fáànù bẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀, okùn tí wọ́n fi ń fa mọ́tò, jáàkì, C-caution, àti nǹkan tí wọ́n fi ń paná, torí àwọn tó máa dá yín dúró lójú ọ̀nà á bèèrè méjì nínú ẹ̀. Ẹ fi 122, nọ́ńbà FRSC, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, sórí fóònù.

Tẹ́ ẹ bá ń gun òkè tí ooru ẹ́ńjìnnì bá ń lọ sókè, ẹ pa AC, ẹ dúró níbi tó láàyè, ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó ṣì gbóná. Ogoja ni kẹ́ ẹ ti kún táǹkì, kẹ́ ẹ sì gba owó sọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì epo síbi téèyàn jókòó o.

Òtútù wá ni ohun tí àwa ará Èkó kì í gbàgbọ́. Bí èèyàn bá ń lọ sókè, ìgbóná afẹ́fẹ́ máa ń dín ní bíi 6.5°C fún mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan, Èkó sì wà létí òkun, torí náà Obudu lè fi bíi mẹ́wàá tutù ju tiwa lọ kílẹ̀ tiẹ̀ tó ṣú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, ṣòkòtò mẹ́ta ni mo wọ̀ lé ara wọn, mo ṣì ń gbọ̀n. Ẹ lọ sí Katangowa, ẹ bẹ̀rẹ̀ ṣa swẹ́tà nípọn àti ìbọ̀sẹ̀ nínú òkìríkà. Ilẹ̀ ló ń fa ooru ara ju atẹ́gùn lọ, ẹ ra fóòmù pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ máa sùn lé. Tẹ́ǹtì yín, ẹ kọ́kọ́ pa á sínú kọ́mpáǹdù kẹ́ ẹ da omi báákẹ́ẹ̀tì méjì lé e lórí wò. Nígbà témi ṣe é ní Surulere, ìyá tó ń gbé lókè wá bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé láńlọ́ọ̀dù ti lé mi ni.

Oúnjẹ ò le. Ẹ má gbé ẹ̀wà tútù lọ, torí omi máa ń hó ní bíi 95°C lókè yẹn, gáàsì á tán kó tó rọ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú, kúlíkúlí, ẹja díndín àti ìrẹsì díẹ̀ ti tó. Omi odò, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú kan gbáko kẹ́ ẹ tó mu. Ẹ má gbé iná èédú tàbí sítóòfù wọ inú tẹ́ǹtì, bó ti wù kó tutù tó, torí èéfín tí ò lóòórùn yẹn ń pa èèyàn sójú oorun.

Ilẹ̀ yẹn lólóhun. Àwọn ará Becheve ló ń gbébẹ̀, ẹ lọ kí wọn lábúlé kẹ́ ẹ tó pàgọ́, ẹ sanwó fún ẹni tó mọ ọ̀nà kó mú yín lọ. Ẹ ti da máàpù Google sílẹ̀ sórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ sì fún ẹnì kan nílé ní ètò ìrìn yín, kó mọ ìgbà tó yẹ kó máa wá yín.

Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní Friday, gíà kékeré ni kẹ́ ẹ fi sọ̀, ẹ má tẹ búrẹ́ékì mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, á gbóná débi tí ò ní mú mọ́. Tẹ́ ẹ bá dé Èkó, ẹ ta tẹ́ǹtì yẹn síta kó gbẹ kẹ́ ẹ tó ká a, ọ̀rinrin Èkó tí mo mọ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ kan ló máa fi hu.