Bí mo ṣe mú béèsì wálẹ̀ nínú yàrá orin mi ní Kubwa

Odidi oṣù mẹ́ta ni béèsì, ohùn ìsàlẹ̀ tó máa ń rinlẹ̀ nínú orin, fi dà mí láàmú. Nínú yàrá mi, orin á dùn. Tí mo bá gbé e dé inú mọ́tò, béèsì á bo akọrin mọ́lẹ̀. Yàrá náà tẹ̀ bí lẹ́tà L, apá tó gùn jẹ́ mítà 4.2.

Mo ní kí àbúrò mi máa ta okùn E gìtá béèsì, okùn tí ohùn rẹ̀ lọlẹ̀ jù, èmi ń rìn káàkiri. Lára ògiri, ó ń dún títí àyà mi fi ń gbọ̀n. Ní àárín yàrá, ibi tí àga mi wà gan-an, ohùn náà pòórá. Mo ṣírò rẹ̀: ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ fi ìlọ́po méjì 4.2 pín in, ó di 41 Hz, ìyẹn ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn okùn E náà nìyẹn, òun gan-an ni yàrá mi ń gbé mì ní àárín! Abájọ tí mo fi ń bu béèsì kún béèsì.

Mo yí tábìlì padà kí sípíkà kọjú sí gígùn yàrá, mo sì fa àga síwájú, mítà 1.6 sí ògiri iwájú. Èyí ló ṣiṣẹ́ jù. Páálí ẹyin tí mo lẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè dá béèsì dúró, mo ká a kúrò. Káfíńtà bá mi kan férémù, mo ki rockwool (nǹkan bí òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe) tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí i, mo fi àǹkárá bò ó, mo gbé e sí àwọn kọ̀rọ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, ó ń yúnni lára.

Lánàá, mo gbọ́ orin tuntun nínú mọ́tò: gángan ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀, béèsì dúró sí àyè rẹ̀.