Bí A Ṣe Ń Lo Fítámì fún Irun, Awọ Ara àti Èékánná
Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí ìgò fítámì náà padà kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Biotin (ọ̀kan lára àwọn fítámì B) tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́ kò ju nǹkan bíi máíkrógíráàmù 30 lọ, ẹyin sísè àti ẹ̀pà sì ní in. Síbẹ̀, 5,000 tàbí 10,000 ló máa ń wà nínú hóró kan ṣoṣo! Ẹni tí biotin ara rẹ̀ pé tẹ́lẹ̀, agbára káká ni yóò fi rí ìyàtọ̀.

Ibi tó ti léwu ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Biotin púpọ̀ lè mú kí èsì àyẹ̀wò ọkàn tàbí ti tairọ́ìdì (ẹ̀yà ara kan nínú ọrùn) parọ́, nítorí náà ẹ sọ fún dókítà kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ yín.

Bí irun bá ń re, ẹ kọ́kọ́ yẹ áyọ́ọ̀nù (iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) inú ara wò. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lò ó, omi ọsàn ni kí ẹ fi gbé e mì. Tíì kì í jẹ́ kí ara gbà á dáadáa.

Ẹ má lo oríṣi ìgò méjì pọ̀, kí èròjà kan náà má baà pọ̀ jù. Fítámì A tó pọ̀ jù gan-an ń mú irun re, ó sì lè ṣe ọmọ inú aláboyún ní jàǹbá. Selenium (èròjà mìíràn tó máa ń wà nínú wọn) àpọ̀jù a máa mú èékánná ṣẹ́.

Irun ń gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lóṣù, èékánná ọwọ́ mílímítà 3. Bí oṣù 6 bá pé tí ẹ kò rí nǹkan kan, ẹ dá a dúró, kí ẹ lọ rí dókítà awọ ara.